Iná Kú, Wáyà Ò Kú: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Pààrọ̀ Iná Àjà

Ẹ ra iná LED tuntun, àwọn pẹlẹbẹ roboto tó wà níta báyìí. Ẹ ṣí páálí rẹ̀, ẹ rí wáyà méjì: ọ̀kan búráwùn, ọ̀kan búlúù. Ẹ gun àkàbà, ẹ tú iná àtijọ́ kúrò lára àjà, ẹ wo inú ihò. Wáyà pupa mẹ́ta àti dúdú mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kò sí búráwùn, kò sí búlúù. Èwo la ó so mọ́ èwo?

Àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an, torí wọ́n gbọ́ pé físíìsì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní ìdáhùn, a sì máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, òun ló sì ń gba ẹ̀mí là: ṣé àwọn wáyà yẹn ti kú lóòótọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ̀rọ̀ gílóòbù o, wáyà ni mò ń béèrè. Gílóòbù lè kú kí wáyà tó gbé e ṣì wà láàyè. Súìṣì lè wà ní pípa kí 230 fólítì ṣì dúró sí ẹnu lamp holder. Gbogbo àdúgbò lè ṣókùnkùn biribiri kí iná ṣì wà nínú àjà yín. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀

Kí gílóòbù tó lè tàn, iná gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, kó sì rí ọ̀nà padà. Wáyà tó ń gbé ipá iná wọlé ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní live. Èyí tó jẹ́ ọ̀nà àbọ̀ ni neutral. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ipá tó yẹ kó wà láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 230 fólítì, ó sì ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀kẹta wọn ni earth. Kì í ṣe iṣẹ́ kankan lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí iná bá ṣìnà ló ń wúlò: ó ń fún iná náà ní ọ̀nà mìíràn tí kò gba ara èèyàn kọjá, kí breaker lè tètè já.

Kí ló dé tí live fi ń gbé èèyàn tó fọwọ́ kan òun nìkan, tí kò fọwọ́ kan neutral? Ìdí ni pé níbi transformer, wọ́n ti so neutral mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tí a fẹsẹ̀ tẹ̀ náà jẹ́ ọ̀nà àbọ̀. Ẹni tó dúró sílẹ̀ tó di live mú ti fi ara rẹ̀ ṣe gílóòbù.

Súìṣì ńkọ́? Kò ju pé ó ń gé ọ̀nà lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé igi dábùú títì. Ibi tí wọ́n gbé igi náà sí ló ṣe pàtàkì. Tí súìṣì bá wà lórí live, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn súìṣì kú nígbà tẹ́ ẹ bá pa á. Tó bá jẹ́ orí neutral ni ẹni tó ṣe iná ilé yẹn gbé e sí, gílóòbù á ṣì kú, torí kò rí ọ̀nà àbọ̀. Àmọ́ live ti dé lamp holder, ó ti jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ọ̀nà tó máa gbà kọjá. Tí ìka yín bá wọ ibẹ̀, ó ti rí i nìyẹn.

Gílóòbù kò lè sọ ìyàtọ̀ méjèèjì fún yín. Bákan náà ló ń kú.

Àwọ̀ wáyà lè parọ́

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ wàyí. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gba àṣà pé pupa ni live, dúdú ni neutral, àwọ̀ ewé ni earth. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fi í sílẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹta ọdún 2004 ni wọ́n ti gbà kí àwọn oníṣẹ́ máa lo àwọ̀ tuntun tí gbogbo Yúróòpù ń lò: búráwùn fún live, búlúù fún neutral, àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò fún earth. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2006, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ àtijọ́ ṣe iṣẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wọn mọ́. Iná tí ẹ rà lọ́jà, àwọ̀ tuntun ni wọ́n fi ṣe é. Ilé tí ẹ ń gbé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọ̀ àtijọ́, torí pupa àti dúdú ṣì kún ọjà wa.

Nítorí náà, lórí ìwé, búráwùn ń lọ sí pupa, búlúù ń lọ sí dúdú. Ẹ má tíì gun àkàbà o. Nǹkan mẹ́ta ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́.

Èkíní, iná tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Lọ́hùn-ún, dúdú ni live, funfun ni neutral! Dúdú tó jẹ́ neutral ní ilé yín ló jẹ́ live lára iná yẹn. Ohun mìíràn tún ni pé 120 fólítì ni wọ́n ń lò. Tí wọn ò bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè gba 220 sí 240, bí ẹ bá so ó báyìí, ó máa jó.

Èkejì, ẹni tó fa wáyà ilé yín. Nínú ilé tí wáyà ti ń gba inú páìpù kọjá nínú ògiri, wáyà kọ̀ọ̀kan ló ń dá fà. Bí ìdì pupa bá tán lọ́wọ́ oníṣẹ́ tí yẹ́lò kù sílẹ̀, ó lè fa yẹ́lò. Ilé iná kì í béèrè àwọ̀ kó tó tàn.

Ẹ̀kẹta ló ń dà wá láàmù jù, ó sì tó ìpín tirẹ̀.

Dúdú tí kì í ṣe neutral

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi wáyà olójú méjì ṣe, pupa àti dúdú nínú rọ́bà kan náà, inú àjà ni wọ́n ti máa ń so gbogbo nǹkan pọ̀. Wáyà kan gbé iná wá láti yàrá tó ṣáájú. Èkejì gbé iná lọ sí yàrá tó kàn. Ẹ̀kẹta sọ̀ kalẹ̀ sí ibi súìṣì. Ẹ kà á: pupa mẹ́ta, dúdú mẹ́ta.

Wáyà tó lọ síbi súìṣì yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí. Pupa rẹ̀ ń gbé live sọ̀ kalẹ̀. Dúdú rẹ̀ ń gbé live kan náà padà sókè fún gílóòbù nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ súìṣì. Dúdú ni lójú, live ni níṣẹ́. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti we téèpù pupa mọ́ ọn lórí kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Púpọ̀ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ èyí máa so pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ búráwùn, á so dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ búlúù. Ó jọ pé ó tọ́, abí? Ohun tó máa rí nìyí: iná tuntun á tàn, kò ní kú. Tó bá tẹ súìṣì báyìí, "pá!" breaker já. Ìdí ni pé súìṣì ti so live àti neutral pọ̀ tààrà. Tí ẹ bá rí àmì méjì yìí pọ̀, iná tó ń tàn láìdúró àti breaker tó ń já tí a bá tẹ súìṣì, ẹ má gbé iná náà padà fún ẹni tó tà á. Kò sóhun tó ṣe é. Dúdú ti súìṣì ló bọ́ sáàárín àwọn neutral.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pọ̀ nínú kònẹ́kítọ̀ kan, kí wọ́n má kan iná tuntun rárá. Dúdú méjì tó ń kọjá lọ sí yàrá mìíràn á wà pọ̀ pẹ̀lú búlúù. Dúdú tó ti ọ̀dọ̀ súìṣì wá nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ búráwùn. Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun. Tí ẹlòmíràn bá ti tú u tẹ́lẹ̀, ẹ dúró títí ẹ ó fi dá a lójú pé iná ti kúrò lórí gbogbo wáyà, kẹ́ ẹ ya wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ wá fi multimeter sí ibi tó ń dún. Ẹ wá pupa àti dúdú tó ń dún tí súìṣì bá wà ní títẹ̀, tó sì ń dákẹ́ tí ẹ bá pa á. Àwọn yẹn ni ti súìṣì.

Nínú ilé onípáìpù, ètò náà sábà máa ń yàtọ̀. Ibi súìṣì ni wọ́n ti ń pín live láti yàrá dé yàrá, inú àjà ni wọ́n ti ń pín neutral. Ẹ ó rí wáyà kan tó ti súìṣì wá, àti neutral méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀. Níbẹ̀, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á so neutral kan mọ́ iná tuntun, á gbàgbé èkejì síta. Iná yàrá tirẹ̀ tàn dáadáa. Àwọn yàrá tó kù lọ́wọ́ iwájú ṣókùnkùn.

Nígbà tó bá wá fi tẹ́sítà yẹ yàrá tó ṣókùnkùn wò, ẹ̀rù á bà á: wáyà méjèèjì ló ń tan tẹ́sítà! Kì í ṣe pé live ti di méjì. Live gba inú gílóòbù yàrá yẹn kọjá, ó bọ́ sórí neutral, ó wá rí i pé wọ́n ti gé ọ̀nà àbọ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ipá rẹ̀. Nítorí náà, bí tẹ́sítà bá tàn lórí wáyà méjèèjì, neutral ló já níbì kan. Ẹ sì rántí pé neutral tó já kì í ṣe wáyà jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́. Ó lè gbé èèyàn bíi live.

"NEPA ti mú un lọ"

Lọ́dún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005 ó di PHCN. Ní 2013 ìjọba gbé pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní Ajara níbí àti káàkiri Àgbádárìgì, NEPA la ṣì ń pè é, àwọn ọmọdé sì ṣì ń pariwo "Up NEPA!" tí iná bá dé.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ló dáa jù láti pààrọ̀ iná àjà. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ìgbà tí iná bá wà, tẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín pa á, ló dáa jù.

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Tí NEPA bá mú iná lọ, ta ló máa dá a padà? Ẹnì kan tí kò mọ̀ pé ẹ wà lórí àkàbà. Kò ní fún yín ní fóònù. Lẹ́yìn náà, ilé tó ní inverter kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, bátìrì ti gba iná. Tó bá jẹ́ pé súìṣì yàrá wà ní pípa tẹ́lẹ̀, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó ti gbà á. Àwọn kan sì wà tí wọn ò ní changeover, tí wọ́n ń ki iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná yẹn lè rìn jáde kúrò nínú ilé wọn wọ ilé yín tí ẹ bá jọ wà lórí wáyà kan náà.

Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí iná ò bá sí, ẹ ò lè ṣe àyẹ̀wò. Ẹ pa breaker kan. Ṣé breaker yẹn ló ń gbé yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́? Tẹ́sítà ò tàn, àmọ́ kò bá má tàn náà tó bá jẹ́ breaker mìíràn lẹ pa. Nínú sáyẹ́ǹsì, àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ á máa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo bó ti wù kó rí kì í ṣe àyẹ̀wò.

Bàbá kan wà tó máa ń bá àwọn ará àdúgbò wa tún iná ṣe. Lọ́jọ́ kan tó wá ṣiṣẹ́ nílé wa, kò sí iná. Mo kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà kúkú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ò sí." Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ọmọ mi, iná tí mi ò fọwọ́ ara mi pa, mi ò mọ ìgbà tó máa jí." Ó dúró títí iná fi dé, ó pa á fúnra rẹ̀, ó yọ fíùsì, ó kì í bọ àpò ṣòkòtò, ó tó wá gun àkàbà. Mi ò tíì rí àlàyé tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan.

Gílóòbù tó ń jí lóru

Ọ̀pọ̀ ló ti bi mí ní èyí: "Mo pa súìṣì, àmọ́ LED ṣì ń tàn bàìbàì." Tàbí kó máa ṣẹ́jú, á tàn díẹ̀, á kú. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń wá àlàyé rẹ̀ lọ́dọ̀ wòlíì.

Kò gba àdúrà. Wáyà méjì tó bá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí rọ́bà wà láàárín wọn ń ṣe bíi capacitor, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná tó ń lọ síwá sẹ́yìn yọ́ kọjá díẹ̀díẹ̀ láìsí pé wáyà kan wáyà. Ká ní wáyà tó lọ síbi súìṣì gùn tó mítà 10. Pẹ̀lú 230 fólítì àti ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìṣirò fi hàn pé ohun tó ń yọ́ kọjá lè tó nǹkan bí 70 nínú mílíọ̀nù kan ámpù. Kékeré gan-an ni. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 nílò nǹkan bí ìdá mẹ́rin ámpù kan, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ń kọjá. LED mọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn tó láti mú un tàn bàìbàì, tàbí kó máa kó o jọ sínú ara rẹ̀ títí yóò fi tó láti tàn lẹ́ẹ̀kan, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Súìṣì tó ní iná kékeré lójú náà ń fa irú rẹ̀.

Irú iná tó ń yọ́ yìí kì í pa èèyàn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé súìṣì tó wà lórí neutral máa ń fi àmì kan náà hàn, ìyẹn sì léwu. Nítorí náà, tí LED bá ń tàn bàìbàì lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yẹ súìṣì wò bóyá live ló ń gé. Ẹ má kàn pààrọ̀ gílóòbù kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀.

Iyọ̀ òkun nínú kònẹ́kítọ̀

Àwa tá a wà ní Ajara ní ẹjọ́ tiwa lọ́tọ̀. Ọ̀sà wà nítòsí, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ igi àgbọn wa ń gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin wá. Tí ẹ bá ṣí lamp holder tó ti pẹ́, ẹ ó rí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé lẹ́nu bàbà inú wáyà. Bàbà tó bá iyọ̀ àti omi pàdé ló ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn síkúrù onírin máa ń dípẹtà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyẹ̀fun yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ibi tí iná bá ti ń forí tì kọjá ló ti ń gbóná, ooru náà sì ń pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po: ẹ sọ ámpù di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní ojú ìsopọ̀ kan ní ìdínà ìdajì óòmù péré, tí ámpù 5 ń kọjá níbẹ̀ lọ sí àwọn yàrá tó kù. Ìyẹn á fún yín ní wáàtì 12 àti ààbọ̀ nínú kònẹ́kítọ̀ tí kò ju ìka lọ, lójú kan, lókè síìlì. Ìdí nìyẹn tí ìsopọ̀ parlour fi lè jó nígbà tó jẹ́ LED wáàtì 9 péré ló wà níbẹ̀. Ẹrù àwọn yàrá mìíràn ló ń gbà á kọjá.

Àmì rẹ̀: iná tó ń ṣẹ́jú tí ẹ bá gbá ilẹ̀kùn, rọ́bà wáyà tó le gbagidi tó sì ń fọ́, ojú àjà tó ń dúdú yí iná ká, àti òórùn bí ẹja. Bẹ́ẹ̀ ni o. Irú àwọn ike kan tó wà lára ohun èlò iná máa ń rùn bí ẹja tí wọ́n bá gbóná jù. Ní Àgbádárìgì tí ẹja yíyan kò jìnnà sí imú ẹnikẹ́ni, ẹ má tètè gbà pé ilé ìdáná aládùúgbò ni òórùn náà ti wá, pàápàá lóru.

Tí ẹ bá rí àwọ̀ ewé yẹn, ẹ má so ó padà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí iná bá ti kúrò, ẹ gé ẹnu wáyà náà síbi tó mọ́, kẹ́ ẹ lo kònẹ́kítọ̀ tuntun. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé e, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ wò. Tí ìta rẹ̀ bá pupa bíi bàbà àmọ́ tí inú rẹ̀ funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Irú rẹ̀ kì í gbé iná tó bàbà, ó sì máa ń tú nínú síkúrù. Ẹ má fi irú rẹ̀ ṣe iná ilé.

Kí ló dé tí breaker ò ní gbà yín?

Breaker tó wà fún iná àjà sábà máa ń jẹ́ ámpù 6 tàbí 10. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Charles Dalziel, onímọ̀ kan ní Yunifásítì California ní Berkeley, fi ọ̀pọ̀ ọdún dán èyí wò lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ó wádìí iye iná tó lè dé ọwọ́ èèyàn kí iṣan ọwọ́ má lè jọ̀wọ́ wáyà mọ́. Fún àwọn ọkùnrin tó dán an wò, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíámpù 16. Fún àwọn obìnrin, nǹkan bíi 10 àti ààbọ̀. Tí ó bá fi díẹ̀ ju 30 lọ, mímí á ṣòro, ọkàn sì wà nínú ewu. Bó bá ń lọ sí 100, ọkàn lè máa gbọ̀n lásán láìfa ẹ̀jẹ̀.

Wàyí o, ẹni tó ń làágùn lórí àkàbà. Ká fi ìdínà ara rẹ̀ sí 1,500 óòmù. Ẹ pín 230 sí 1,500: ó tó mílíámpù 153. Ìyẹn tó láti pa èèyàn. Àmọ́ lójú breaker ámpù 10, kékeré ni. Ó fi ìlọ́po 65 kéré sí ohun tí wọ́n ṣe é fún. Wáyà ni breaker lásán ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀yin.

Irú tó ń dáàbò bo èèyàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní RCD. Ó ń fi iná tó lọ wé iná tó padà. Tí mílíámpù 30 bá ṣìnà, ó ń gé e kó tó pé ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Dalziel wà lára àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí jáde, ní 1961. Tí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo lára iná ilé yín lọ́dún yìí, òun ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín fi sí i.

Bá a ṣe ń ṣe é, létòlétò

1. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, nígbà tí iná bá wà. Ẹ tan iná yàrá náà, tó bá ṣì ń tàn. Ẹ dán tẹ́sítà wò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó níná, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń tàn.

2. Ẹ pa breaker ńlá. Ẹ pa inverter, ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ fíùsì lẹ ní, ẹ yọ ọ́, kó wà lápò yín. Tó bá jẹ́ ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, ẹ sọ fún gbogbo wọn, ẹ sì fi ẹnì kan ṣọ́ ibẹ̀.

3. Ẹ fi tẹ́sítà kan gbogbo wáyà inú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa, dúdú, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún mú tẹ́sítà lọ síbi tí iná ṣì wà, bóyá lọ́dọ̀ aládùúgbò, kẹ́ ẹ rí i pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tẹ́sítà tó kú náà kì í tàn. Ìdánwò ṣáájú, ìdánwò wáyà, ìdánwò lẹ́yìn: mẹ́ta ni.

4. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ fi téèpù sàmì sí wáyà tó ti súìṣì wá.

5. Ẹ so wọ́n. Bàbà kò gbọ́dọ̀ yọrí síta kònẹ́kítọ̀. Ẹ fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò, kó má tú. Tó bá jẹ́ lamp holder onísíkúrù, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ ni live ń lọ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tí ìka lè kàn. Tí iná náà bá ní ara irin, ẹ má fo earth rẹ̀.

6. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àkàbà kí ẹnikẹ́ni tó tan breaker padà.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ dúró? Tí tẹ́sítà bá tàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa gbogbo nǹkan. Tó bá tàn lórí wáyà méjèèjì. Tí rọ́bà bá ń fọ́ lọ́wọ́ yín. Tí breaker bá já lẹ́ẹ̀kejì. Tí omi bá ń kán láti inú àjà. Ẹ bo ihò náà, ẹ fi breaker yẹn sílẹ̀ ní pípa, kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ilé tó ṣókùnkùn lálẹ́ ọjọ́ kan kò pa ẹnikẹ́ni.

Tí iná bá sì ti gbé ẹnì kan, ẹ má fọwọ́ fà á. Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Tí ẹ ò bá rí ibi tí wọ́n ti ń pa á, ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù, kódà bó bá sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àbúrò yín tó fẹ́ràn láti máa tún nǹkan ṣe, àti sí bàbá yín tó gbà pé súìṣì nìkan tó. Ẹ sì fi tẹ́sítà kan sílé. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.